Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Sítáǹbù tó jọra bí ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olótùú. Mo ní sítáǹbù Nàìjíríà tó ní orí Ọba George Karùn-ún: ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀ kan àti kọ́bọ̀ mẹ́rin. Ìwé iye owó sítáǹbù pín wọn sí ti 1914 àti ti 1921, àmọ́ èmi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ọjọ́ tó wà lára èdìdì ti parẹ́. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ẹ má wulẹ̀ ka eyín etí wọn, 14 ni gbogbo wọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì. Àmì tí wọ́n ṣe sínú bébà fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ti 1914 ní adé àti lẹ́tà CA (Crown Agents, àwọn tó ń bójú tó sítáǹbù àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso) tó dúró gbọnyin bíi ti ìwé títẹ̀. Láti 1921, CA náà di èyí tó lọ́ bí ìkọ̀wé ọwọ́.

Ẹ wá àwo kékeré dúdú tó ń dán. Ìdérí ike dúdú náà tó. Ẹ fi ẹ̀mú gbé sítáǹbù sínú rẹ̀, kó dojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ kán epo láítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé e. Ojú àmì fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ, ìdí nìyẹn tí dúdú àwo fi ń yọ níbẹ̀. Ẹ má kánjú gbé e: ìgbà tí epo bá ń gbẹ lọ ni àmì sábà máa ń hàn jù. Láti ẹ̀yìn, ẹ ó rí lẹ́tà náà bí ẹni wo dígí. Bó bá ṣeé kà tààrà láti ẹ̀yìn, a jẹ́ pé òdì ni bébà wà nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́rin yín, tó wà lórí bébà àwọ̀ ìyeyè, lè ṣagídí díẹ̀. Ẹ tún un ṣe bó bá gbẹ tán.

Kẹrosíìnì ò dáa, ó ń fi àbààwọ́n sílẹ̀. Omi ńkọ́? Íńkì àwọn tí owó wọn ga máa ń ṣí nínú omi, wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fọ èdìdì kúrò kó tún un lò. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì jẹ́ kí iná tàbí sìgá sún mọ́ epo láítà.

Iṣẹ́ ò tíì tán lórí ti 1921, torí mọ́ọ̀dì (irin tí wọ́n fín àwòrán sítáǹbù sí) méjì ló wà. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wo àpótí tí wọ́n kọ POSTAGE àti & REVENUE sí. Bí igun òkè tó kọjú sí inú bá mú, mọ́ọ̀dì kìíní ni. Bó bá tẹ̀ kọrọdọ, ìkejì ni.

Ṣílè méjì àbọ̀ ti George Kẹfà ńkọ́? Ẹnì kan fẹ́ ra tèmi, ó ní eyín rẹ̀ ló fẹ́ kà. — Òǹkàwé kan, Òṣogbo

Ó mọ ohun tó ń wá. Ti 1938 jẹ́ 13 × 11½. Ti 1942 jẹ́ 13½ tàbí 14, ti 1951 sì jẹ́ 12. Ti 1938 tí wọn ò tíì lò ló wọ́n jù.

Iye eyín tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì là ń kà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti òkè àti ìsàlẹ̀, ìkejì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ rọra máa sún sítáǹbù lórí òdiwọ̀n eyín (páálí tí wọ́n sàmì iye eyín sí) títí gbogbo eyín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, yóò fi bá àmì rẹ̀ mu. Bí igun kan péré ló bá mu, ẹ ò tíì débẹ̀. Sítáǹbù tó ṣì tutù máa ń fẹ̀, yóò sì parọ́ fún yín. Ẹ wọn òkè, kẹ́ ẹ sì wọn ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ tó dá oníbàárà yẹn lóhùn.