Àdìrẹ láti Abẹ́òkúta sí Pobẹ̀: ṣé wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àdìrẹ ni mò ń ṣe l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá mi, a sì ní ẹbí ní Kétu àti Pobẹ̀, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àbúrò ìyá mi ní kí n wá máa pàtẹ lọ́jà Pobẹ̀. Ó ní ECOWAS ti sọ ilẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan, kí n ṣáà di aṣọ mi sínú mọ́tò kí n máa bọ̀, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà. Iṣẹ́ kílíárìn ni mò ń ṣe ní ibodè, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí irú ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá yín kó sí wàhálà. Ìdajì rẹ̀ ni òótọ́.

Ẹbí kan náà ni yín lóòótọ́. Abẹ́ Aláketu ni Ìmẹ̀kọ wà kó tó di pé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fa ilà ní 1889, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. ECOWAS kò pa ilà yẹn rẹ́. Ilẹ̀kùn ló ṣí sí i lára, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Ilà ojú yín kọ́ ni ẹ̀ṣọ́ máa wò, ìwé ni.

Ẹ jẹ́ ká ya ara yín sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù yín, torí àdéhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló de méjèèjì. Ti ara yín rọrùn. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 ní ọmọ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ yòówù nínú ẹgbẹ́ náà láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kẹ́ ẹ mú dání. Síìpù NIN kì í ṣe ìwé ìrìnnà o. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù yín ní Ìdìròkó, kí wọ́n sì tún lù ú ní Ìgólò níhà Bẹ̀nẹ̀, kẹ́ ẹ tó forí lé Sákété.

Ti ẹrù ló nira. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí wọ́n ti ra ọjà ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń béèrè. Rárá, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni. Iṣu àti àgbàdo inú oko wa, ẹran ọ̀sìn wa, àti ohun tí a fọwọ́ ṣe ń kọjá láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, wọn kò sì ní béèrè ìwé ẹ̀rí orísun, ìyẹn ìwé tó ń fi ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà hàn, lórí wọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tàbí oníko tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín rẹ sínú aró bọ́ sí ìsọ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ yìí. Àmọ́ aṣọ funfun tẹ́ ẹ ń rẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé láti òkè òkun ló ti wá, ọ̀gá kan lè bá yín jiyàn níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lé e lórí. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lọ́jà (ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ), ẹ má fi kún un rárá. Ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ á kó àbàwọ́n bá gbogbo ìdì yín.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá di oníléeṣẹ́, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ náà, ìlànà yí padà nìyẹn: ẹ máa gba ìwé ẹ̀rí orísun lọ́dọ̀ NACCIMA, ìyẹn àjọ àwọn oníṣòwò àti oníléeṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Ní ti kọ́bọ̀ tí wọn kò ní gbà, owó kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan ni àdéhùn mú kúrò. Bẹ̀nẹ̀ ní owó orí ọjà (VAT) ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tiwọn náà, ìyẹn kò sí nínú ohun tí ECOWAS dá dúró. Bẹ́ ẹ bá san ohunkóhun, ẹ béèrè quittance, ìyẹn rìsíìtì. Owó tí kò bá ní quittance, àpò ẹnì kan ló wọ̀.

Mọ́tò tara yín lè wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, tó bá ní ìwé pípé àti ìnṣọ́ránsì Brown Card. Ti akérò, ọjọ́ 15 ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, ìrẹsì olówó pọ́ọ́kú á máa wò yín lójú ní Ìgólò. Ẹ má wò ó. Ìrẹsì Táílàǹdì tó gba èbúté Kùtọ̀nù wọlé kò di ọmọ ECOWAS nítorí pé ó sun ibẹ̀ mọ́jú, Nàìjíríà kò sì gba ìrẹsì òkèèrè láyè láti orí ilẹ̀. Adìyẹ inú yìnyín àti ọ̀kirika, fàyàwọ́ ni wọ́n pátápátá.

Ẹ má ta ọjà àwìn púpọ̀ síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè pa tàdéhùn-tàdéhùn. Ibodè Ṣẹ̀mẹ̀ kò ṣí títí di oṣù kejìlá 2020, Ìdìròkó di 2022. Ẹni tí owó rẹ̀ há sí òdìkejì nígbà náà kò rí i gbà bọ̀rọ̀.

Ẹ kó aṣọ bíi mẹ́wàá lọ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ kọ irú aṣọ, iye rẹ̀ àti owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí bébà, kó wà ní èdè Faransé. Àwọn ọmọ àbúrò ìyá yín tó ń lọ síléèwé ní Pobẹ̀ á bá yín kọ ọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó gbéra.