Ọmọ mi ní double bass lòun fẹ́ fi jẹun

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Birmingham la ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 17, ní òun ò ka ìṣirò owó mọ́. Double bass, ohun èlò olókùn bíi gìtá onígi gàgàrà tó ga jù mí lọ, lòun fẹ́ máa ta káàkiri ayé, jazz tí wọn kì í kọ sílẹ̀, tí wọ́n ń dá lójú agbo. Bàbá mi ní Òṣogbo ní ṣé torí kó lè di alágbe la ṣe gbé e lọ sókè òkun. Ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárò ilé. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí èmi náà sí, Rotterdam ni mo wà báyìí, ọmọbìnrin mi sì ti ń fi bẹ́ẹ̀sì yìí jẹun láti ọdún 6 sẹ́yìn. Oúnjẹ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ti olówó oṣù. Lóṣù tí òde ò bá sí, owó àwọn ọmọ tó ń kọ́ ló fi ń san owó ilé.

Ẹ wo Dave Holland, ìlúmọ̀ọ́ká tó ń ta bẹ́ẹ̀sì jazz. Wolverhampton tó wà nítòsí yín ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, ó padà lọ kọ́ orin ní Guildhall, ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní London. Lọ́dún 1968, Miles Davis, àgbà afunfèrè jazz ọmọ Amẹ́ríkà, gbọ́ ọ níbi tó ti ń ṣeré ní Ronnie Scott's, ilé agbo jazz kan ní London, ó sì pè é sí New York. Barre Phillips, ọmọ Amẹ́ríkà tóun náà ń ta bẹ́ẹ̀sì, wá sí Yúróòpù ní tirẹ̀, ó sì fi ilẹ̀ Faransé ṣelé. Ní 1971 àwọn méjèèjì jọ ṣe àwo kan, bẹ́ẹ̀sì méjì péré, láìsí onílù.

Ti “wọn kì í kọ sílẹ̀” yẹn, ta ló ń kọ ohun tí ìyá ìlù ń sọ sílẹ̀ fún onílù? Ojú oníjó ló ń wò. Ṣùgbọ́n omele ló kọ́kọ́ fi ìgbà èwe rẹ̀ lù. Mo rí ìka ọmọ mi tó lé ròrò, tó bẹ́, tó tún lé, títí awọ ibẹ̀ fi yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.

Ọkọ̀ òfurufú ló ń dààmú wa jù. Nígbà kan wọ́n ṣẹ́ bẹ́ẹ̀sì ọmọ mi lọ́rùn níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. Láti ọjọ́ náà, kó tó gba òde tó jìn, ó ti béèrè bóyá wọ́n lè bá òun yá bẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti Bàbá, ẹ rán wọn létí Dúró Ládiípọ̀. Ó fi dùndún sí orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo níbẹ̀, wọn ò fẹ́ ẹ. Nígbà tó di 1964, ó ti gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọmọ náà fúnra wọn. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ bẹ́ẹ̀sì ọmọ tèmi, wọ́n ní, “Ṣebí agídìgbo nìyí!” Ẹ ní kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn so fóònù mọ́ spíkà o, torí fóònù lásán kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jáde.