Irọ́ tí gbogbo ọjà mọ̀, ṣé irọ́ náà ni?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékúmù, Ààfáà. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági n'Íbàdàn, àǹkárá àti léèsì. Bí oníbàárà bá dá owó tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa ń sọ pé, "Owó yẹn ò tó iye tí mo fi rà á." Nígbà mìíràn ó tó, ó tún lé. Ọmọ mi tó ń ka fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì ní kì í ṣe irọ́. Ó ní irọ́ ni kéèyàn fẹ́ tan ẹlòmíì jẹ, àti pé kò sẹ́ni tó wọ ọjà tí kò mọ̀ pé èdè ọjà lásán ni. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, kò sí àlàyé kankan. Ààfáà, ṣé Ọlọ́hun ò fún wa ní làákàyè ká fi wo irú ọ̀rọ̀ báyìí ni? Ó tún ku ọ̀kan: ọmọ iṣẹ́ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni tí mo jẹ lówó bá dé, èmi ni mo máa ń ní kó sọ pé mi ò sí. Ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàlámù, ìyá wa. Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí ọmọ yín. Ohun tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè, àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ ti fa irú rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Imam Nawawi, tó kú lọ́dún 676 Hijira, ìyẹn 1277, ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ àwọn Ahlu Sunna, ìyẹn ọ̀pọ̀ jù lọ àwa Mùsùlùmí, irọ́ ni kéèyàn sọ nǹkan yàtọ̀ sí bó ṣe wà, ì báà mọ̀ọ́mọ̀, ì báà ṣèèṣì. Àwọn Mutasila, ìjọ onímọ̀ mìíràn láyé àtijọ́, ló ní kì í ṣe irọ́ àfi téèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó ṣèèṣì kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di òótọ́. Ẹ̀yin ò kúkú ṣèèṣì. Ẹ mọ iye tí ẹ ra aṣọ.

Àmọ́ ọmọ yín ṣì ní ibi tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Imam Ghazali, tó kú lọ́dún 505 Hijira (1111), mú àpẹẹrẹ ẹni tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni mo ti wá ọ." Ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí kò tilẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, nítorí kò sẹ́ni tó ń ka iye. Pé ó pọ̀ ni wọ́n fi ń sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá a, ó ti purọ́. Ẹ rí i pé àṣà ọ̀rọ̀ ní agbára lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọlé tó ní ebi ti pa òun kú, a kì í lọ gbẹ́ sàréè.

Ibi tí èmi àti ọmọ yín ti máa pínyà nìyí. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe. Obìnrin kan dúró níwájú yín, ó na ìdì àǹkárá wò, ó dá 15,000 náírà. Ẹ ní kò tó iye tí ẹ fi rà á. Ó mí kanlẹ̀, ó fi 1,500 kún un. Kí ló mú un fi kún un? Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò gbà yín gbọ́ rárá, 15,000 yẹn náà ni ì bá dúró lé. Ó fi kún un nítorí ó rò pé bóyá òótọ́ ni, pé bóyá òun ń fẹ́ kí ẹ pàdánù. "Bóyá" yẹn ni ẹ tà fún un ní 1,500 náírà. Ẹni tó ní ebi pa òun kú kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ tí kò bá tan ẹnikẹ́ni jẹ kì í pawó, ìyá wa, tiyín sì ń pawó.

Bí ọmọ yín bá ṣì fẹ́ jiyàn, ẹ bi í léèrè nǹkan kan. Ká ní oníbàárà yẹn sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi rìsíìtì ẹ̀ hàn mí," rìsíìtì sì wà lábẹ́ àpótí owó yín níbẹ̀, ṣé ẹ máa nawọ́ mú un? Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Nawwas bin Sam'an pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tó ń dà ọ́ láàmú láyà, tí o ò sì fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i. Kò sẹ́ni tí ń fi èdè ọjà pamọ́ sábẹ́ àpótí.

Nípa làákàyè tí ẹ bèèrè, òun gan-an ni a fi ṣe gbogbo ohun tí mo ń sọ bọ̀ yìí. Ìgbà tó bá di lọ́yà tí à ń háyà láti gba ẹjọ́ wa rò ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Suratul Qiyamah pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí lórí ara rẹ̀, kódà bó bá ń kó àwáwí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà yín láàmú kí ẹ tó kọ̀wé sí mi. Ẹlẹ́rìí yẹn ló ń sọ̀rọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ọlọ́jà nìkan ni mò ń bá wí: hádíìsì Hakim bin Hizam, tó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, àwọn méjèèjì ló dárúkọ, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Bí wọ́n bá sọ òótọ́ tí wọ́n sì ṣàlàyé, Ọlọ́hun á fi alùbáríkà sí òwò wọn. Bí wọ́n bá fi pamọ́ tí wọ́n sì purọ́, alùbáríkà á lọ. Èmi tí mò ń kọ èyí, lọ́dún Iléyá kan, mo ná àgbò kan títí, mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi nìyí." Ọkùnrin náà ṣàánú mi, ó gbà. Bí mo ṣe fa owó yọ lápò jálàbíà, ìdì kejì tẹ̀ lé e, ó já bọ́ sórí koríko àgbò. Ó wo owó, ó wò mí, ó ní, "Ààfáà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi kún owó rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé bó ṣe pè mí.

Ẹ wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀: ẹ̀sìn kò ní kí ẹ sọ iye tí ẹ ra ọjà fún ẹnikẹ́ni. Oríṣi títà méjì wà tó kàn yín. Ọ̀kan ni ká máa ná an títí owó á fi ṣe déédéé, tí ọlọ́jà kò dárúkọ iye tó fi rà á. Èkejì ni kí ọlọ́jà sọ iye tó rà á, kó sì sọ èrè tó fẹ́ fi lé e. Murabaha ni wọ́n ń pe èyí. Nínú ìwé Mukhtasar Khalil tí àwọn ààfáà wa ń kà lórí ìlànà òfin ẹ̀sìn tí wọ́n ń pè ní Maliki, ó sọ pé murabaha tọ́, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ ló wù wọ́n jù, nítorí ẹni tó bá ti la ẹnu sọ iye tó rà á ti gbé àmánà ńlá lérí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa ń sọ lọ́jà, "Kò gbà, ẹ fowó sí i," òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbà, ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ sì wo bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣọ́ ẹnu wọn tó. Marghinani, ọ̀mọ̀wé ìlànà Hanafi tó kú lọ́dún 593 Hijira (1197), sọ̀rọ̀ nípa oníṣòwò tó ti san owó ẹrù àti owó ìpaláró lórí aṣọ. Ó lè ka owó wọ̀nyẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó má sọ pé, "Iye báyìí ni mo rà á." Kó sọ pé, "Iye báyìí ló dúró lé mi lórí," kó má baà purọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kó ọjà l'Ékòó tí ẹ ń san owó mọ́tò àti owó alábàárù, ọ̀nà wà fún yín láti sọ ìnáwó yín láìṣe pé ẹ fi irọ́ bò ó.

Ti "Wallahi" tí wọ́n ń fi gún un lẹ́sẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ànábì ti sọ pé ìbúra a máa mú ọjà tà, a sì máa pa alùbáríkà rẹ́.

Àwọn èyí tí ẹ ti tà sẹ́yìn ńkọ́? Èyí tó jẹ́ pé ẹ kàn ń ná an, tí irọ́ bọ́ sí àárín rẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí ẹ sì jáwọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ní oníbàárà tó fọkàn tán yín, tí ẹ sọ fún pé, "17,000 ni mo rà á, mo kàn máa fi ẹgbẹ̀rún kan lé e fún yín ni," tó sì jẹ́ pé 14,000 lẹ rà á, owó ẹlòmíì wà lọ́wọ́ yín. Lọ́dọ̀ àwọn Maliki, kí ẹ dá 3,000 yẹn padà, pẹ̀lú ìpín èrè tó gun orí ẹ̀. Bí ẹ ò bá dá a padà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà fún yín. Ẹ pè é. Kò ní dùn ún sọ, mo mọ̀.

Ó ku ti ọmọ iṣẹ́ yín. Wọ́n gbà á wá pé Sha'bi, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ àtijọ́, bí ẹnì kan bá wá a tí kò fẹ́ jáde, a fa ìlà roboto sílẹ̀, a ní kí ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ìka sí àárín ẹ̀, kó sọ pé, "Kò sí níbí." "Níbí" tó ń wí kì í ṣe inú ilé, àárín roboto ni. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá rántí ẹ̀. Ó jọ ti Abu Bakr, ọ̀rẹ́ Ànábì, nígbà tí òun àti Ànábì wà lójú ọ̀nà Mọ̀dínà, tí wọ́n bi í pé ta ni ọkùnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀, tó ní, "Ẹni tó ń fọ̀nà hàn mí ni." Wọ́n rò pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ló ń wí, ọ̀nà Ọlọ́hun ló sì ní lọ́kàn.

Àmọ́ ẹ má tíì yọ̀. Nawawi ti fi ààlà sí irú ọ̀rọ̀ oníkọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá fi gba ohun tí kì í ṣe tiwọn, tàbí tí wọ́n fi dí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì lọ́nà, haraamu ni. Àwọn tó bi Abu Bakr léèrè kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀. Ẹni tí ẹ jẹ lówó ní ẹ̀tọ́ lórí yín. Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ san án. Ànábì ní àbòsí ni kí ẹni tó rówó san máa fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Bí kò bá sí, ẹ jáde sí i fúnra yín, kí ẹ dá ọjọ́ tí ọwọ́ yín lè ká. Kí ọmọ náà wọ inú wá, kó sọ fún yín pé àlejò dé, kó sì padà sídìí aṣọ tó ń ká.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.