Èsì: Ìdí tí MOSFET fi ń jó nígbà tí ẹ bá pa iná 200 A

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí ọ̀kan nínú MOSFET mẹ́rin (swíìṣì ẹlẹ́kítíróníìkì) tí ẹ fi rọ́pò rílè 200 A (swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa) nínú ọkọ̀ oníbátìrì 12 V fi máa ń jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbóná nígbà tí iná bá ń kọjá.

Ìṣirò ooru yín tọ̀nà: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìdènà iná 1 mΩ, tí 50 A sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, 2.5 W péré ni yóò sọ di ooru. Àsìkò tí ẹ bá pa á gan-an ni wàhálà wà. Mítà kan wáyà máa ń ní ìńdọ́ktáńsì (ohun tó ń jẹ́ kí wáyà kó agbára pamọ́ nígbà tí iná bá ń kọjá) nǹkan bíi 1 µH, nítorí náà mítà 5 tí 200 A wà nínú rẹ̀ ti kó agbára 0.1 J pamọ́, kò sì sí ibòmíràn tí agbára yìí lè gbà jáde ju inú MOSFET lọ. Fóltéèjì á fò sókè, èyí tí ààlà fóltéèjì rẹ̀ bá kéré jù láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò sì dá gbé gbogbo ẹrù náà. Èmi náà ti sun mẹ́ta kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi dáyódù (ohun tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) láti ilẹ̀ (orí òdì bátìrì) sí ojú ibi tí iná ti ń jáde, kí ẹ sì fi TVS (ohun tí kì í jẹ́ kí fóltéèjì fò kọjá ààlà) sí ìhà bátìrì, nítorí pé wáyà ìhà ibẹ̀ náà ń kó agbára pamọ́. Ẹ má ṣe kàn fi rẹ̀sísítọ̀ ńlá sí gate (ẹsẹ̀ MOSFET tí a fi ń tàn án tí a sì fi ń pa á) kó lè máa pa díẹ̀díẹ̀. Ooru àsìkò yẹn lè ju ohun tí MOSFET lè fara dà lọ.