Aṣọ wo ni kí n máa wọ̀ báyìí tí ilé ọmọ mi ti sọ̀ kalẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 51 ni mí, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Lóṣù tó kọjá, dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ilé ọmọ mi àti àpò ìtọ̀ mi ti sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò tíì jáde síta. Iṣẹ́ ìdúró ni mo ń ṣe. Tí mo bá jí láàárọ̀, kò sóhun tó ń ṣe mí, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ṣe ló máa ń dà bíi pé nǹkan fẹ́ já bọ́ lábẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra aṣọ abẹ́ tó ń fún ikùn pọ̀, pé á bá mi gbé e sókè. Mo rà á, ara ò rọ̀ mí nínú ẹ̀ rárá. Jíǹsì mi náà ti di ọ̀tá mi. Kí ni kí n máa wọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ afúnkùn yẹn sílẹ̀ ná, ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ yín ò gbèrò ibi. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé aṣọ tó bá ti fún pinpin ló ń gbé nǹkan ró. Ibi tó ti ń fún wa gan-an ló yẹ ká wò.

Ẹ mú ọ̀rá kan tí omi kún inú ẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ gbá a mú láàárín, kí ẹ wá fún un. Omi á rọ́ sísàlẹ̀, ìdí ọ̀rá náà á sì wú. Ohun tí afúnkùn ń ṣe sí ikùn yín nìyẹn. Lára wa, àwọn iṣan kan wà tó ta bí àwọ̀n láàárín egungun iwájú abẹ́ àti egungun ìdí lẹ́yìn. Orí wọn ni àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìparí ìfun ńlá gbára lé. Ọmọ bíbí, ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, ìgbẹ́ líle tó ń fẹ́ agbára, ẹrù wúwo, ara sísan jù, àti àyípadà tó ń bá ara obìnrin nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dá, wọ́n lè mú kí àwọ̀n yẹn àti àwọn okùn ara tó so ilé ọmọ mọ́ra dẹ̀. Àwọ̀n tó ti dẹ̀, tí a tún wá ń ti ẹrù sórí ẹ̀ látòkè! Ìdí tí ara fi ń yá yín láàárọ̀ ni pé ẹ dùbúlẹ̀ mọ́jú, ẹrù ò sí lórí àwọ̀n náà.

Nítorí náà, aṣọ tó bá gbá ìbàdí tàbí agbedeméjì ikùn mú, ẹ yẹra fún un. Bẹ́líìtì líle wà lára wọn, yẹ̀rì tí bọ́tìnnì ẹ̀ máa ń fẹ́ já nígbà tí ẹ bá jókòó náà wà níbẹ̀, títí kan ṣòkòtò eré ìdárayá tí rọ́bà òkè ẹ̀ gùn dé ìdodo tó sì le. Tí ẹ bá bọ́ṣọ lálẹ́ tí ẹ rí i pé ojú rọ́bà ti jìn sí yín lára bí ojú okùn lọ́wọ́ ẹni tó pọnmi, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ò bá àwọ̀n yẹn lára mu.

Aṣọ tó ń gbà á látìsàlẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ń ṣe àwọn kan fún irú ohun tó ń ṣe yín yìí gan-an: ó rí bíi ṣòkòtò péńpé tó ń fà, ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ ẹ̀ nípọn, ó sì gbé abẹ́ mọ́ra látìsàlẹ̀, àmọ́ tó bá dé ìbàdí, ó rọ̀ wẹ̀lẹ̀. Orí ibùsùn ni mo máa ń ní kí àwọn tí mò ń tọ́jú ti wọ̀ ọ́. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀, kí ohun tó ti sọ̀ kalẹ̀ lè padà sókè, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á wọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ lásìkò tí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ bọ́ ọ tí ẹ bá fẹ́ sùn. Kì í ṣe oògùn o. Ìrọ̀rùn nìkan ló ń fúnni, kò dá ilé ọmọ padà sáyè ẹ̀.

Ẹ ní kò tíì jáde síta. Ìyẹn ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ aṣọ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti ọdún 1996 ni àwọn oníṣègùn ti ní ìlànà kan tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó, láti ipele 1 dé ipele 4. Ipele 2 ni èyí tó wà nítòsí ẹnu ojú ara, bóyá ó ku sẹ̀ǹtímítà 1 kó dé ibẹ̀ tàbí ó ti fi sẹ̀ǹtímítà 1 kọjá. Tó bá ṣì wà nínú, ìwúwo ló ń dààmú èèyàn, ìbàdí aṣọ ni kí ẹ máa ṣọ́. Tó bá ti yọ síta, ọ̀rọ̀ gbígbo ló kù. Ẹran ara tó yẹ kó wà nínú ọ̀rinrin wá ń fara gbo aṣọ tọ̀sán-tòru: á gbẹ, á bó, ó sì lè di egbò. Ìtẹ́lẹ̀ aṣọ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa ṣọ́.

Ìtẹ́lẹ̀ yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ jíǹsì yín. Ẹ yí inú ẹ̀ síta, kí ẹ fi àtàǹpàkò wá ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé lábẹ́. Ojú rírán mẹ́rin ló ṣùpọ̀ síbẹ̀, ó le bíi kókó okùn. Orí kókó yẹn lẹ ń jókòó lé. Kò yà mí lẹ́nu pé ó di ọ̀tá.

Kaba tó rọ̀ láti èjìká wálẹ̀, tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ni ó rọrùn jù, nítorí èjìká ló ń gbé e, kì í ṣe ìbàdí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣòkòtò dandan, èyí tí aláboyún ń wọ̀ dáa, tí okùn ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ tó sì rọ̀. Mo mọ obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tó ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè oyún.

Ẹ má fi dígí nìkan yẹ aṣọ wò kí ẹ tó rà á. Ẹ jókòó nínú ẹ̀. Ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ikùn yín ráyè wú. Ẹ wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lára pé ó ta nǹkan sísàlẹ̀, ẹ dá a padà sórí ìkọ́. Kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó ṣeé bọ́ kíákíá, torí ẹni tí àpò ìtọ̀ ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ kì í lè dúró tú bọ́tìnnì márùn-ún.

Pátá: òwú ni kó jẹ́, kó bo ìdí, kó má fún, kó má sì dẹ̀. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó tóbi jù wọ́n lọ nítorí ìrọ̀rùn, àmọ́ á ká jọ sábẹ́, ibi tó bá ká jọ sí náà á sì máa gboni lára. Tí ìtọ̀ bá ń jò díẹ̀díẹ̀, pádì ìtọ̀ ni kí ẹ lò. Ti nǹkan oṣù kì í tètè fa ìtọ̀ mu, ara á sì wà nínú ọ̀rinrin.

Aṣọ ò lè ṣiṣẹ́ iṣan. Lọ́dún 1948 ni Arnold Kegel, dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà (ọkùnrin lòun fúnra ẹ̀ o), kọ̀wé nípa ìdárayá iṣan abẹ́, a ṣì ń lò ó títí dòní. Ẹ fún un mọ́ra bí ẹni tó ń mú ìsó mọ́ra láàárín èrò, ẹ gbé e sókè, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ má sì dá èémí dúró. Ẹ fún un bákan náà kí ẹ tó wúkọ́ tàbí gbé ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ yín, kí ẹ sì fún un ní oṣù mẹ́rin ó kéré tán kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ tún bi dókítà léèrè òrùka rọ́bà tí wọ́n ń fi sínú ojú ara láti fi gbé ilé ọmọ dúró. Bó bá bá yín mu, ọ̀pọ̀ aṣọ tí ẹ ti kó pamọ́ á tún ṣeé wọ̀.

Bí ẹ ò bá rí ìtọ̀ tọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí omi tó ń rùn bá ń dà, tàbí ohun tó yọ síta ò bá padà wọlé mọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má tíì ju jíǹsì náà nù. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè yọ okùn ìbàdí ẹ̀, kó fi rọ́bà tó fẹ̀ tó sì rọ̀ dípò, kó tú ojú rírán abẹ́, kó wá fi àbùlé onígun mẹ́rin síbẹ̀ kí kókó yẹn lè tú ká. Afúnkùn ní tiẹ̀ ò ní àtúnṣe. Ẹ dá a padà fún ọ̀rẹ́ yín.