Mo máa ń gun Olúmọ dáadáa. Ṣé mo lè gun àwọn òkè Alps ní Yúróòpù lóṣù Kejì?

Olúmọ kọ́ nìyẹn o. Ti Abẹ́òkúta wa ní àtẹ̀gùn, òkúta rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ní Alps, yìnyín tuntun lè má lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀, kó wá ya lulẹ̀ lójijì; òun ni wọ́n ń pè ní avalanche. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n digírì 30 sí 45 ló ti máa ń ya lulẹ̀ jù, pàápàá láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí yìnyín púpọ̀ bá rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí avalanche ń pa, ẹsẹ̀ tiwọn tàbí ti ẹni tí wọ́n jọ lọ ló já yìnyín náà. Ẹ ka ìkéde ewu avalanche lárààárọ̀. Ìpele 5 ló ní, ìkarùn-ún ló léwu jù, àmọ́ tó bá ti dé 3, èmi ò ní gun ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹ má dá lọ: ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ ni ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa wú u jáde.