Èsì: Èrè ni ẹ ó ti yọ ìdámẹ́wàá ọjà yín

Arábìnrin wa, ẹ béèrè bóyá gbogbo owó tí ẹ bá pa lórí aṣọ ni kí ẹ ti yọ ìdámẹ́wàá, tàbí èrè nìkan. Ní òye tèmi, èrè ni. Bí ẹ bá ra aṣọ ní ₦100,000, tí ẹ san ₦5,000 fún ọkọ̀ tí ó gbé e, tí ẹ sì tà á ní ₦115,000, èrè yín jẹ́ ₦10,000, ìdámẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ lára gbogbo owó tí ó wọlé, yóò di ₦11,500, èyí tí ó ju èrè náà lọ, ojú owó ni ẹ ó sì máa jẹ. Deuterónómì 14:22 bá èyí mu, nítorí ohun tí oko bá mú jáde lọ́dọọdún ni a ní kí wọ́n dá ìdámẹ́wàá rẹ̀, kì í ṣe oko fúnra rẹ̀. Owó oúnjẹ ilé àti owó iléèwé àwọn ọmọ kò sí lára ìnáwó ọjà o; ẹ má yọ ìyẹn kí ẹ tó ṣírò. Ní ti àwọn tí ó tọ́ sí, ẹsẹ 28 àti 29 orí kan náà ní kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó jẹ nínú rẹ̀ ní òpin ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ ẹsẹ wọ̀nyí lórí pẹpẹ.